Mátírọ̀n Ọlọ́runnísọ̀lá àti Asipirín Inú Ike Kọ́sítádì

Mátírọ̀n Abigail Ọlọ́runnísọ̀lá kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, lẹ́tà ti dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kó yọjú síwájú ìgbìmọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n tún fi kún un nísàlẹ̀ pé tí kò bá yọjú, àwọn á gbà pé kò ní àwíjàre.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù ni, kó wọ yúnífọ́ọ̀mù, kó gun ọ̀kadà wá sí ọ́fíìsì yín? Àbí ẹ fẹ́ kó rán ẹnì kan wá? Ta lẹ fẹ́ kó rán níbi tó wà yẹn?

Ìbùkún, ọmọ ẹ̀, ló mú lẹ́tà náà wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, kí la máa ṣe sí eléyìí?" Mo kà á tán, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Inú ọ̀hún ò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ líle, kó ṣí ojú ìwé tó kàn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní Ọ̀yọ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí ò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán ló ti lo mẹ́rìnlá tó kẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn mọ ara wọn, aráàlú náà sì mọ̀ wọ́n. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àmọ́ ohùn ẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Òun ló gbẹ̀bí àbígbẹ̀yìn mi, Tijésùnimí. Lọ́jọ́ náà, mò ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni wọ́n ń ṣe fún ìyàwó mi látàárọ̀. Mátírọ̀n yọrí síta, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bí i ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ wọlé, bẹ́ẹ̀dì ṣì ku ọ̀kan." Mo lọ jókòó jẹ́jẹ́.

Bó ṣe máa ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Á bú aláboyún bí ẹni bú àbúrò, á ní ta ló ní kó gbé garawa omi, ṣé ọkọ ẹ̀ ò lápá ni. Tó bá bú u tán, á wá ọsàn fún un nínú báàgì ẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ti ń rí ọsàn. Kò sí ìgbà tí ọsàn kì í sí nínú báàgì yẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláboyún kan ní asipirín kékeré. Kì í ṣe ti ẹ̀fọ́rí o. Èyí tí wọ́n máa ń lo ẹyọ kan péré lójúmọ́ ni, láti bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin oyún, fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti yọ lẹ́nu rí tàbí tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè yọ lẹ́nu, kí gìrì má bàa gbé e. Oògùn tó dáa ni. Mátírọ̀n gbà á gbọ́ gan-an.

Àwọn ìyá ọkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ohunkóhun tí ìyàwó bá gbà bọ̀ láti ọsibítù, ìyá ọkọ ló máa kọ́kọ́ tú u wò. Orúnkún ń dun Màmá, ẹ̀yìn ń dun Màmá, asipirín sì rèé. Kí ìyàwó tó yíjú padà, Màmá ti fi omi gbígbóná gbé mẹ́ta mì. Tóṣù bá fi máa parí, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó á ti ga, orúnkún ìyá ọkọ á sì ti le koko.

Mátírọ̀n ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní kí àwọn tó ń gbé nítòsí máa wá gbé tiwọn mì lójú òun láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Wọ́n á gbé e mì, á ní, "Lanu." Wọ́n á lanu. "Gbé ahọ́n sókè." Wọ́n á gbé e sókè. Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá obìnrin mẹ́sàn-án lórí ìlà, gbogbo wọn lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Àwọn ìyá ọkọ bínú, wọ́n ní Mátírọ̀n ń kọ́ ìyàwó àwọn ní ahun.

Ìgbà yẹn ló tó rí ohun tó dẹ́rù bà á. Àwọn obìnrin tó ń gbé oògùn mì lójú ẹ̀, tí wọn ò fo ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń ga. Kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì. Nínú ogún tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹ̀ lọ́dún yẹn, mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ wọn wú tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì gòkè.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ràmọ́tà tó ń ta ike ní Akẹ̀sán. Ràmọ́tà ti lóyún rí. Gìrì gbé e lóṣù kẹjọ, ọmọ náà ò sì yè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun fúnra ẹ̀ ò fi mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tó tún lóyún, ó wá bá Mátírọ̀n, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí náà lọ." Mátírọ̀n ní kò ní lọ. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oyún ọ̀hún ti di tàwọn méjèèjì.

Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé asipirín yìí ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò fèsì. Ó kọ èkejì, ó kọ ìkẹta. Lórí ìkẹrin ni ọ̀gá kan tó dáhùn. Ọ̀gá ní ìwádìí ti fi hàn pé ara àwọn obìnrin kan wà tí kì í gbọ́ ti asipirín, nítorí náà kí Mátírọ̀n lọ máa gba àwọn obìnrin náà níyànjú. Kó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ṣe kí ni? Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pe ara wọn, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀?

Lóòótọ́, irú ara bẹ́ẹ̀ wà. Mátírọ̀n ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní èèyàn lè fún obìnrin méjì ní oògùn kan náà, kó ṣiṣẹ́ lára ọ̀kan, kó má ṣiṣẹ́ lára èkejì. Ẹni tó sanra, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn lè má tó o. Ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní ẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ fún obìnrin ní asipirín kí wọ́n wá gbàgbé láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bí ìdajì àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bá ya aláìgbọràn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ara wọn lèèyàn ó máa bá wí? Bí ìdajì kíláàsì bá fìdí rẹmi, tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pè. Mo mọ̀, torí wọ́n ti pè mí rí.

Ràmọ́tà ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba tiẹ̀ lọ́wọ́ Mátírọ̀n, ó gbé e símú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, òórùn asipirín yìí máa ń wù mí. Ó ń ta bí omi ògì. Òun ló ń bá mi dá èébì dúró." Mátírọ̀n gbà á padà, òun náà gbé e símú. Asipirín tó dáa kì í rùn. Tó bá ti ń ta kíkan, omi ti bá a, ó sì ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn.

Ó wọ sítọ́ọ̀ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Gabriel tó ń tọ́jú oògùn. Mi ò ní parọ́ mọ́ Gabriel. Èèyàn dáadáa ni, ó sì mọ́ tónítóní, ìmọ́tótó ọ̀hún gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Inú páálí ni asipirín ti máa ń wá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà nínú bébà dídán tiẹ̀. Gabriel ní ìyẹn ń gba àyè, ó ń jẹ́ kí sítọ́ọ̀ rí jákujàku. Ó bá ń tú gbogbo ẹ̀, ó ń dà á sínú ike kọ́sítádì ńlá kan, ó gbé e sórí dúrọ́ọ̀mù omi, torí ibẹ̀ ló tutù jù. Lẹ́yìn náà làwọn ọ̀gá wá láti òkè, wọ́n gbé òfin tuntun kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ka oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́. Òfin tó dáa. Wọ́n gbé bésìn wá, wọ́n gbé ọṣẹ wá, wọ́n gbé tówẹ́lì wá, wọ́n ya fọ́tò. Tówẹ́lì bá àwọn tó ya fọ́tò lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ka asipirín á fọwọ́ ẹ̀ mọ́, á wá ki ọwọ́ tó ń kán tótó bọ inú ike. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é.

Mátírọ̀n ní, "Gabriel, ṣé o ti gbóòórùn nǹkan yìí?"

Ó ní, "Mà, oògùn ìjọba ni, kì í ṣe ọbẹ̀."

"Mo ní ó ti kan."

"Kò lè kan, Mà. Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára páálí. Ó ṣì ku ọdún kan àbọ̀."

"Páálí dà?"

"Mo ti sun ún, Mà. Ó ń kó ìdọ̀tí jọ."

Mátírọ̀n ní kí wọ́n da gbogbo ẹ̀ nù. Gabriel ní òun ò lè da oògùn ìjọba nù láìsí ìwé àṣẹ. Mátírọ̀n kọ̀wé tọrọ àṣẹ. Kò sí èsì. Ó ń kọ ọ́ lọ títí lẹ́tà fi pé mọ́kànlá.

Ẹ dúró o, èmi náà jẹ̀bi. Ibi tó ń ká mi lára jù nìyí. Ó wá sílé mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó pọ́n oògùn méjì sínú bébà, ó ní, "Tíṣà, ẹ gbóòórùn ẹ̀, kí ẹ sì bá mi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín." Mo gbóòórùn ẹ̀. Mo ní, "Mátírọ̀n, ta ló fẹ́ ka ọ̀rọ̀ asipirín? Ẹ jẹ́ ó dìgbà díẹ̀." Lọ́sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń sùn láàárín títì ni mo kọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ní mo gbìyànjú. Òun náà kà á. Ó pàdé mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Àwọn ewúrẹ́ á gbàdúrà fún yín." Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Nígbà tí mo já a kulẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò níbẹ̀, Philip lorúkọ ẹ̀, Under G ló ń gbé. Mátírọ̀n ló gbẹ̀bí ẹ̀. Philip sọ fún mi pé òun ò lè kọ̀ fún ẹni tó ti na òun nídìí lọ́jọ́ tí òun dáyé. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ ẹyọ méjìlá tí Mátírọ̀n kó wá wò. Ó ní ohun tó ṣẹ́kù nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò tó ìdajì asipirín tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀ títí òjò ọdún yìí á fi dá, gbogbo ẹ̀ á ti di fíníga, kí wọ́n kó o wá fún àwọn tó ń ta sàláàdì ní Under G.

Ọjọ́ tí Mátírọ̀n lọ gba èsì, ó mú Ràmọ́tà dání. Ẹsẹ̀ Ràmọ́tà ti wú débi pé bàtà ọkọ ẹ̀ ló wọ̀. Ó mú un lọ sí ọsibítù ńlá kan níbẹ̀. Àwọn dókítà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ti asipirín, kódà èyí tó dáa ò ní lè ṣe nǹkan gidi mọ́ lásìkò yẹn. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò ṣeé dúró dè mọ́, wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀ ṣáájú àsìkò. Ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà kéré, àmọ́ ó ké. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọkọ ní kò sí Abigail rí nínú ìdílé àwọn. Ràmọ́tà ní ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Kí lẹ rò pé ọ́fíìsì ṣe nígbà tí èsì Philip dé orí tábìlì wọn? Ṣé wọ́n sáré gbé ike náà kúrò ni? Ṣé wọ́n kó oògùn tuntun wá? Kúẹ́rì ni wọ́n fún Mátírọ̀n. Ẹ̀sùn ẹ̀ ni pé ó kó oògùn ìjọba jáde láìgbàṣẹ, ẹyọ méjìlá. Wọn ò bi í bóyá oògùn náà bàjẹ́. Wọn ò béèrè Ràmọ́tà. Òun fúnra ẹ̀ ló ka kúẹ́rì náà fún mi, tó ń fi ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó, wọ́n ní mo jí omi ògì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní sọ pé kúẹ́rì ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ sínú ìwé. Obìnrin tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìlú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé agbẹ̀bí kejì kúrò níbẹ̀, tí wọn ò fi ẹlòmíì dípò, kò sẹ́ni tó lè ní kó jókòó kí wọ́n wọn tiẹ̀. Ó dùn mí. Mo sunkún ẹ̀ bí mo ṣe sunkún ẹ̀gbọ́n mi.

Níbi ìsìnkú, ẹni tó ṣojú ọ́fíìsì dìde, ó tún aṣọ ẹ̀ ṣe, ó ní Mátírọ̀n jẹ́ òṣìṣẹ́ tó gbọ́ràn, tí kì í ráhùn rárá. Mo wo Ìbùkún, Ìbùkún wò mí. Lẹ́yìn wa, mo gbóhùn Ràmọ́tà tó gbé ọmọ ẹ̀ dání, kò sì rọra sọ ọ́: "Ṣé òkú tiwa lẹ ń sọ ni àbí òkú míì?"

Ìyẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Ìbùkún gba ọ́fíìsì lọ. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ṣùbòmí fún wa ní àga, ó kí wa dáadáa.

Mo ní, "Lórí lẹ́tà tí ẹ kọ sí Mátírọ̀n Ọlọ́runnísọ̀lá la ṣe wá."

Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Wọ́n ti kú."

"Háà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ̀wé sí ló gbọ́dọ̀ yọjú. Tí wọn ò bá ní lè wá, kí wọ́n kọ̀wé tọrọ àyè."

Ìbùkún ní, "Ọ̀gá, a ti sin màmá mi."

"Mo gbọ́, àǹtí, ẹ má bínú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ẹ̀dà mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ á jókòó, wọ́n á wò ó bóyá àwọn lè gbà á bí àwíjàre."

Ṣùbòmí ò fi wá ṣẹ̀sín. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń ṣe é. Mo bi í pé lẹ́tà mọ́kànlá tí Mátírọ̀n kọ ńkọ́? Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé fáìlì jáde. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ gbogbo wọn pé àwọn ti rí i. Ẹ ò wá lè sọ fún mi pé ẹ ò rí i. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá lẹ rí i.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn aláboyún, mo gba ilé ìwòsàn náà lọ. Ike kọ́sítádì ṣì wà lórí dúrọ́ọ̀mù. Gabriel ní, "Sà, a ti ṣàtúnṣe. A ti ra ìdérí tó ń dé pinpin." Pinpin, kí omi tó wà nínú ẹ̀ má bàa ríbi jáde. Mo rí nọ́ọ̀sì tuntun tó fọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní, tó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, tó wá kì í bọ inú ike. Ó ka asipirín méje, ó dì í sínú ọ̀rá, ó fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé.

Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Ayọ̀mídé. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì ti ga díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni gìrì gbé lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìdí tó fi tètè wá nìyẹn. Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó má lo èyí, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà tó máa fún un ní èyí tó wà nínú bébà ẹ̀. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo bàbá arúgbó tí ò fẹ́ oògùn òyìnbó. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọsibítù ló fún mi." Ó já ọ̀rá omi, ó gbé ẹyọ kan mì lójú mi.

Nítorí náà, ọ̀gá tó kọ̀wé pé ara àwọn obìnrin ni ò gbọ́ràn, jáde síta, kí o wá sọ orúkọ rẹ fún aráàlú. Ẹni tó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mọkànlá, wá sọ fún wa ẹni tó ní kó o máa lu òǹtẹ̀, kó o má fèsì. Ẹ wá gbogbo obìnrin tó ti gba oògùn nínú ike yẹn láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣì lóyún. Ẹ kọ̀wé pé Mátírọ̀n ò jẹ̀bi, kí ẹ sì mú un lọ fún Ìbùkún nílé, ẹ má ní kó wá gbà á. Mi ò bẹ̀ yín láti kọ́ ère fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ò ju pé kí ẹ gbé ike náà síta, kí ẹ dà á nù, kí ẹ kó oògùn gidi wá, kó sì tó Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Torí pé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú, Ayọ̀mídé á tún wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti wá gba méje míì, torí ó gbà yín gbọ́.